Ṣé o mọ̀? Àwọn fíìmù tó ń rá mọ́ wa lọ́wọ́

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Kwara níbí ló léwájú nínú fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi èdè Yorùbá ṣe? Àjàní Ògún lorúkọ fíìmù náà, 1976 ló jáde. Adéyẹmí Afọláyan ni ẹni náà, tí gbogbo ayé ń pè ní Ade Love; ọmọ Àgbámù ni, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìlọ́fà, tí a jọ máa ń wá fíìmù àtijọ́ wò, ṣì ń bá mi jiyàn pé ará Ìbàdàn ni bàbá náà. Kó lọ bi àwọn ará Àgbámù.

Ṣé o mọ̀ pé Ọlá Balógun tó darí Àjàní Ògún ti kọ́kọ́ ṣe Amadi lédè Ìgbò ní 1975? Ìlú Abá ni wọ́n bí i sí, Paris ló ti kọ́ iṣẹ́ sinimá.

Ṣé o mọ ohun tí Àjàní Ògún dá lé? Ọdẹ kan, ọ̀dọ́mọdé, ń bá olóyè olówó kan jà lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ àti ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya. Ta ni irú ẹjọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ẹbí rẹ̀? Dúró Ládiípọ̀, gbajúmọ̀ òṣèré tíátà, náà wà nínú fíìmù ọ̀hún; ọdún kejì lẹ́yìn náà ló papò dà.

Ṣé o mọ̀ pé inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ni wọ́n ti fa fíìmù Ìjà Òmìnira yọ? Pé Kádàrá, fíìmù Ade Love ní 1980, dé àjọ̀dún fíìmù ní Tashkent? Ọ̀rẹ́ mi ní àwọn fíìmù ìgbà náà ń fa ẹsẹ̀ jù. Òótọ́ ni, ẹ̀ṣẹ́ wọn kì í sì í ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti dún, wọn kì í gé e kúrò kó tó dùn.

Kí ló wá dé tí a kò rí wọn mọ́? Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ń fọ fíìmù nígbà náà, ẹ̀dà tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ kì í sì í pọ̀. Ẹni tó ni ín ló ń gbé e kiri fúnra rẹ̀, tòun ti ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀, láti gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn. Kò jẹ́ tà á, nítorí olè. Bí o kò bá sí nílé lálẹ́ ọjọ́ tó dé ìlú yín, ó tán. Baba Sàlá, aláwàdà nì, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, wọ́n jí i dà kọ, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, owó fíìmù di ohun tí apá ò ká mọ́, kásẹ́ẹ̀tì fídíò gba ìgboro.

Èyí tó kù, ẹ wò ó: àwọ̀ ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ohùn ń ṣáájú ẹnu, ìlà funfun ń já wálẹ̀ lójú rẹ̀ bí òjò.

Ṣé o mọ̀ pé Shaihu Umar, tí Adamu Halilu ṣe lédè Hausa ní 1976 kan náà, ti sọ nù pátápátá nígbà kan rí? Ní 2016 ni wọ́n rí i ní Jos. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, ó sì padà sójú ìran ní Berlin ní 2018. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́ nígbà tí mo sọ èyí, ó wá béèrè pé, "Tiwa ńkọ́?"

Ìbéèrè ọ̀hún tó béèrè. Àréògún Òsì àti Bámigbóyè Odò-Ọwá gbẹ́ igi ní àdúgbò wa yìí, àwọn òyìnbó sì ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Yunifásítì Yale pàtẹ ti Bámigbóyè ní 2022. Fíìmù kò rí olùtọ́jú bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ Kúnlé Afọláyan tó ṣe Aníkúlápó, ọmọ Ade Love. Mélòó ló ti wo Kádàrá bàbá rẹ̀?

Bí o bá rí agolo fíìmù nínú àjà tàbí yàrá bàbá rẹ, má sọ ọ́ nù, má gbé e sí oòrùn. Bí ó bá ń rùn kíkan, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn, kò sí àyè à ń fi dọ́la. Ilé àkójọ fíìmù ìjọba àpapọ̀ wà ní Jos: kàn sí wọn.