Bí Kọ̀ǹpútà Kò Bá Gbọ́ Ohùn Máìkì Yín Mọ́: Ẹ Yẹ Dráífà Wò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Tuntun

Ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ló ti ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé báyìí. Àwọn kan ń gba wáàsí àti tafsíírì oṣù Ramadan, àwọn kan ń gba kíké Al-Kùránì àwọn ọmọ wọn, àwọn mìíràn sì ń gba ìtàn ẹbí lẹ́nu bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: kọ̀ǹpútà kan, máìkì kan, àti àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní audio interface, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jà mọ̀ sí sound card.

Ibi tí wàhálà wà ni pé àpótí yìí lè ṣiṣẹ́ lónìí, kó má ṣiṣẹ́ lọ́la. Àlùfáà ti jókòó, àwọn ọmọ ti dákẹ́, kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé òun kò rí máìkì kankan. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, wọ́n á sì lọ ra òmíràn. Nígbà púpọ̀, ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́ rárá. Dráífà rẹ̀ ló ní ìṣòro, tàbí okùn rẹ̀, tàbí àṣẹ kan tí a kò fún un nínú kọ̀ǹpútà. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a máa to ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ, láti orí èyí tó rọrùn jù lọ dé orí èyí tó gba sùúrù.

Kí ni dráífà, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń mì. Máìkì máa ń sọ mímì yẹn di iná mànàmáná tó kéré gan-an. Audio interface ló ń wọn iná yìí, tó sì ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, nítorí pé nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà lè tọ́jú. Bí wọ́n bá ní ó ń ṣiṣẹ́ ní 48,000 Hz, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè gbogbo ẹ̀rọ. Dráífà ni ògbufọ̀ tó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Ètò kan ni tí a fi sínú kọ̀ǹpútà. Bí ògbufọ̀ bá sùn, bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ mìíràn, tàbí bí ògbufọ̀ méjì bá ń du iṣẹ́ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà àti interface kò ní gbọ́ ara wọn yé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn.

Lórí Mac, ètò tí wọ́n ń pè ní Core Audio ti wà nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ interface ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìfi dráífà kankan kún un. Lórí Windows, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Lọ́dún 1997, ilé iṣẹ́ Steinberg ní orílẹ̀-èdè Jámánì gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ ASIO, kí ohùn lè máa gba ọ̀nà kúkúrú wọ inú ètò tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe interface fi ní dráífà ASIO tiwọn fún Windows. Windows 10 ti ní dráífà gbogbogbòò tirẹ̀ fún USB Audio 2.0 láti ọdún 2017, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ASIO. Interface lè máa fọhùn lórí Windows, síbẹ̀ kí ètò ìgbohùnsílẹ̀ yín máa wá ASIO tí kò rí.

Ẹ kọ́kọ́ dá irú wàhálà náà mọ̀

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an:

- Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí interface rárá, tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan, okùn, ihò USB tàbí dráífà ni kí ẹ fura sí.
- Bó bá rí i, ṣùgbọ́n tí ohùn kò wọlé, ẹ wo àṣẹ máìkì, ibi tí ètò ìgbohùnsílẹ̀ ti ń gbọ́ ohùn, àti bọ́tìnnì 48V.
- Bí ohùn bá ń wọlé, ṣùgbọ́n tó ń já tàbí tó ń ta pàrà-pàrà, buffer ló kéré jù, tàbí kí iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn kọ̀ǹpútà.
- Bí ohùn bá tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó ń falẹ̀, sample rate ni kò bára mu.
- Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo “hùùùn” tí kò dáwọ́ dúró, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù. Bó bá dákẹ́, ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé ló fà á. Kò sí dráífà tó máa wo ìyẹn sàn.

Okùn àti ihò USB

Ẹ yọ okùn interface, kí ẹ sì kì í bọ ihò USB mìíràn, lára kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe lo ẹ̀rọ tó ń pín ihò USB kan sí mẹ́rin, nítorí pé iná tó ń pín lè má tó interface jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ okùn náà. Àwọn okùn USB kan wà tó jẹ́ pé iná nìkan ni wọ́n ń gbé, nítorí ṣájà fóònù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Iná máa tàn lára interface, ẹ ó sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti pé, ṣùgbọ́n ohùn kò ní rí ọ̀nà kọjá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Lórí Windows, Restart ni kí ẹ yàn, ẹ má ṣe yan Shut down. Láti ìgbà Windows 8 ni ètò kan ti wà tó ń jẹ́ Fast Startup. Bí ẹ bá fi Shut down pa kọ̀ǹpútà, ètò yìí lè tọ́jú ipò tí àwọn dráífà wà pamọ́, kí kọ̀ǹpútà lè tètè tàn nígbà mìíràn. Dráífà tó ti dàrú á wá jí pẹ̀lú ìdàrúdàpọ̀ rẹ̀. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ fún máìkì láṣẹ

Windows àti Mac kì í jẹ́ kí ètò kankan gbọ́ máìkì láìgbàṣẹ. Ààbò ni, ṣùgbọ́n ó máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Lórí Windows, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Privacy, kí ẹ sì wá Microphone. Ẹ rí i dájú pé ibi tí wọ́n kọ “Let desktop apps access your microphone” sí wà ní títàn. Lórí Mac, láti ìgbà macOS Mojave tó jáde lọ́dún 2018, ẹ gbọ́dọ̀ mú orúkọ ètò ìgbohùnsílẹ̀ yín lábẹ́ Microphone nínú Privacy & Security.

Ẹ tún ṣí ètò ìgbohùnsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ máìkì kékeré tó wà lára láptọ́ọ̀pù ló ń gbọ́. Ẹ yan orúkọ interface yín níbẹ̀. Bó bá jẹ́ máìkì condenser lẹ ń lò, ẹ tẹ bọ́tìnnì 48V lára interface, nítorí pé máìkì bẹ́ẹ̀ kì í fọhùn láìsí iná yẹn.

Yíyọ dráífà àti títún un fi sí

Bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ó kan dráífà nìyẹn. Lórí Windows, ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ bọ́tìnnì Start, ẹ yan Device Manager, kí ẹ sì wo abẹ́ “Sound, video and game controllers”. Bí àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò bá wà lára orúkọ interface, tàbí tó bá jẹ́ “Unknown device” lẹ rí, dráífà rẹ̀ kò pé nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tí Windows tún ara rẹ̀ ṣe ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí Properties, ẹ wọ Driver, kí ẹ sì wò ó bóyá “Roll Back Driver” ṣeé tẹ̀. Ìyẹn á dá dráífà àtijọ́ padà. Bí kò bá ṣeé tẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ètò yìí:

1. Ẹ yí interface dojú dé, kí ẹ ka orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Focusrite Scarlett 2i2, bí àpẹẹrẹ, ti jáde ní ìran bíi mélòó kan, dráífà wọn sì lè yàtọ̀ síra.
2. Ẹ lọ sí ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí ẹ gba dráífà tó bá orúkọ yẹn àti irú Windows yín mu.
3. Ẹ yọ dráífà àtijọ́ kúrò nínú Settings, lábẹ́ Apps. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lo “Uninstall device” nínú Device Manager, kí ẹ sì gbà kó pa fáìlì dráífà náà rẹ́ pẹ̀lú.
4. Ẹ yọ okùn interface, ẹ ṣe Restart.
5. Ẹ fi dráífà tuntun sí i. Ẹ má ṣe kì okùn bọ̀ ọ́ títí ètò náà fi máa ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá parí, ẹ tún ṣe Restart.

Àwọn interface olówó pọ́ọ́kú kan kò ní dráífà ASIO tiwọn. Fún irú wọn, ASIO4ALL lè ṣèrànwọ́. Ọ̀fẹ́ ni, inú dráífà Windows ló sì ń gbà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ bá ti ní tirẹ̀, tirẹ̀ ni kí ẹ lò. Lórí Mac, bí interface yín bá nílò dráífà, ẹ wo Privacy & Security lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sí i. Bọ́tìnnì Allow lè máa dúró dè yín níbẹ̀.

Bí ohùn bá ń já tàbí tó yí padà

Buffer dà bíi garawa tí kọ̀ǹpútà fi ń pọn ohùn. Garawa kékeré máa ń tètè dé, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pọn ọ́n bá dúró díẹ̀ pẹ́nrẹ́n, omi á dá. Ìgbà yẹn ni ẹ máa gbọ́ pàrà-pàrà. Ní 48,000 Hz, buffer 128 ń gba nǹkan bí ìdá 2.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, 512 ń gba 10.7, 1024 sì ń gba 21.3. Fún wáàsí, kíké tàbí ìtàn lásán, 512 tàbí 1024 ti tó. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ pẹ́ nínú hẹ́ẹ̀dífóònù, ẹ tan Direct Monitor tó bá wà lára interface. Ìyẹn á jẹ́ kó gbọ́ ara rẹ̀ láìgba inú kọ̀ǹpútà kọjá.

Ẹ pa àwọn ètò mìíràn dé, ẹ pa Wi-Fi fúngbà díẹ̀, kí ẹ sì ki láptọ́ọ̀pù bọ iná. Nínú Power Options, ẹ pa “USB selective suspend”, kí Windows má baà máa fi ihò USB sùn láàárín iṣẹ́.

Ní ti sample rate, nọ́ńbà kan náà ni kó wà nínú dráífà, nínú Windows àti nínú ètò ìgbohùnsílẹ̀: 48,000 bó bá jẹ́ fún fídíò, 44,100 bó bá jẹ́ fún CD. Bí a bá gba wáàsí wákàtí kan ní 44,100, tí ètò mìíràn wá kà á bíi 48,000, á parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 55, ohùn àlùfáà á sì tín-ín-rín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún kíké Al-Kùránì, níbi tí gígùn fífà kọ̀ọ̀kan ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń polówó dráífà

Bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ dráífà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí àwọn ètò tó máa ní dráífà kọ̀ǹpútà yín ti gbó, kí ẹ sanwó kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ yẹra fún wọn. Àwọn kan ń fi dráífà tí kì í ṣe ti ẹ̀rọ yín sí i, àwọn mìíràn sì ń kó kòkòrò wọlé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ojú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe interface tàbí Windows Update nìkan ni kí wọ́n ti máa gba dráífà.

Kí ẹ tó gbà pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́

Ẹ gbé interface náà lọ sídìí kọ̀ǹpútà mìíràn, pẹ̀lú okùn mìíràn. Bí ìyẹn bá rí i, ẹ̀rọ yín sàn, kọ̀ǹpútà yín ni kí ẹ padà sí. Bí kọ̀ǹpútà méjì pẹ̀lú okùn méjì kò bá rí i, tí dráífà rẹ̀ sì wà lórí wọn, ìgbà náà lẹ lè gbé e lọ fún oníṣẹ́, tàbí kí ẹ dá a padà bí ẹ̀rí ìrajà yín kò bá tíì kọjá àsìkò.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó kan òmíràn. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ kọ nọ́ńbà dráífà tó ṣiṣẹ́ yẹn sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú fáìlì rẹ̀.

Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgbohùnsílẹ̀, ẹ gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì gbọ́ ọ padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Windows tún ara rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ náà. Bí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé fóònù kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí òun náà máa gba ohùn sílẹ̀. Bí dráífà bá dàrú láàárín, ohùn fóònù lè má dára tó ti máìkì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kò ní sọnù. Kí Ọlọ́hun fi àǹfààní sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.