Ọdẹ, Ọjọ́ Àìkú àti Akàtàǹpó: Kí Ló Fa Àríyànjiyàn ní Massachusetts?

Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọdẹ tó bá pa àgbọ̀nrín lọ́jọ́ Àìkú ti lùfin. Kì í ṣe pé ẹran wọ́n níbẹ̀. Lápá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, àti ní erékùṣù Nantucket àti Martha's Vineyard, àgbọ̀nrín ń wọ ọgbà ẹni jẹ òdòdó, wọ́n ń já lu ọkọ̀ lójú títì, wọ́n sì ń jẹ ọ̀mùnú igi inú igbó run kó tó dàgbà. Iye tí ìjọba ń fẹ́ ni 12 sí 18 nínú máìlì kan níbùú lóròó. Àwọn ibì kan wà tí iye wọn ti kọjá 50.

Gbòǹgbò òfin náà wà nínú ìgbàgbọ́ àwọn Píúrítánì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó tẹ ibẹ̀ dó ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ya ọjọ́ ìsinmi sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí àwọn tó ń ta ọtí ti ń ṣí ìsọ̀ wọn lọ́jọ́ Àìkú ní Massachusetts. Ti ọdẹ kò tíì kúrò níbẹ̀. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, Massachusetts àti Maine nìkan ló ṣì ti ọjọ́ náà pa mọ́ ọdẹ pátápátá.

Nígbà ooru ọdún 2025, MassWildlife, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹran ìgbẹ́, pe gbogbo ará ìlú kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀: kí ọdẹ máa ṣọdẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹnikẹ́ni lè lo akàtàǹpó, èyí tó jẹ́ pé aláàbọ̀ ara tí kò lè fa ọrun ni òfin gbà láàyè báyìí, àti bóyá kí wọ́n dín 500 ẹsẹ̀ bàtà tí tafàtafà gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ilé ẹlòmíràn kù.

Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé gbogbo ọdẹ ni yóò fò fáyọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú ná. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni àkókò tí wọ́n ń fi ìbọn ṣakábùlà pa àgbọ̀nrín ní Massachusetts, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12 lápapọ̀. Ẹni tó ń ṣe káfíńtà tàbí nọ́ọ̀sì, tó ń lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì ló kù fún un. Bí òjò bá gba ọ̀kan, tí ayẹyẹ ọmọ gba èkejì, ọdún ti lọ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kọ́ níṣẹ́ ọdẹ kò lè sá nílé ìwé. Ìdí rèé tí àwọn tó fẹ́ kí òfin yí padà fi ń sọ pé olówó tó lè gba ìsinmi nígbà tó wù ú ni òfin náà ń gbè.

Àmọ́ àwọn ọdẹ mìíràn, pàápàá àwọn àgbà, ń bẹ̀rù. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣọdẹ, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gbà á. Onílẹ̀ náà máa ń mú ajá rẹ̀ rìn kiri lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ rẹ̀ ń gun ẹṣin. Bí ìró ìbọn bá dé ọjọ́ yẹn náà, ó lè ti ilẹ̀ rẹ̀ pátá, kí ọjọ́ kan tí wọ́n ń wá sì gba ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ní lọ́wọ́ wọn. Ìbẹ̀rù yìí tọ́ létí mi. Ọdẹ tí kò ní ilẹ̀ kò lè ṣe bí ẹni tó ní in.

Ti akàtàǹpó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń lo ọrun gbọ́dọ̀ fà á níwájú ẹran, kó dì í mú, kó má mí gúlegúle, títí ẹran yóò fi yí ẹ̀gbẹ́ sí i. Akàtàǹpó yàtọ̀: wọ́n ti fa okùn rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn tẹ́lẹ̀, ó ní ìdí bíi ti ìbọn, awò ìfojúsùn wà lórí rẹ̀, ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọdẹ Yorùbá àtijọ́ náà lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti òde òní lágbára jù ú lọ. Síbẹ̀ ọfà ni ó ń ta. Ẹran gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ.

Àwọn tafàtafà tó ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ ọwọ́ wọn kò fẹ́ kí ẹni tó ra akàtàǹpó lánàá wọ inú igbó pẹ̀lú wọn lóṣù kọkànlá, nígbà tí akọ àgbọ̀nrín ń sáré abo kiri. Mo mọ rírì iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n n kò lè tì wọ́n lẹ́yìn níbí. Ọrun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé kiri náà ní àgbá róbótó lórí méjèèjì tó ń gba ìwúwo rẹ̀ lápá ẹni tó fà á. Kí ló dé tí bàbá ẹni àádọ́rin ọdún, tí èjìká rẹ̀ ti kọṣẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò yarọ, yóò fi jókòó sílé?

Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ti dán akàtàǹpó àti ọjọ́ Àìkú wò. Ní 2009, wọ́n jẹ́ kí akàtàǹpó wọ gbogbo àkókò ọfà, àwọn tafàtafà sì kìlọ̀ pé ẹran yóò tán. Lónìí, akàtàǹpó ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àgbọ̀nrín tí wọ́n ń fi ọfà pa níbẹ̀, ẹran kò sì tán. Òfin ọjọ́ Àìkú wọn ti wà láti 1873. Ní 2019, Gómìnà Tom Wolf fọwọ́ sí ọjọ́ Àìkú mẹ́ta, pẹ̀lú àdéhùn pé ọdẹ gbọ́dọ̀ ní ìwé ìyọ̀ǹda onílẹ̀ lọ́wọ́. Ní oṣù keje 2025, Gómìnà Josh Shapiro fọwọ́ sí òfin tó gbé àṣẹ lé àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọdẹ lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí ọjọ́ Àìkú 13 lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ti ń ta ko ó tipẹ́ ló yí ohùn padà, nítorí àgbọ̀nrín ń jẹ àgbàdo àti sóyà wọn.

Àwọn kan ń fi àìsàn Lyme, tí eégbọn ń fà, ṣe ẹ̀rí pé ó yẹ kí wọ́n pa àgbọ̀nrín sí i. Kí a ṣọ́ra níbí. Eku ló sábà ń kó kòkòrò àìsàn náà ran eégbọn. Àgbọ̀nrín kàn ń bọ́ eégbọn tó ti dàgbà ni. Ní erékùṣù Monhegan ní Maine, eégbọn dín kù gidigidi lẹ́yìn tí wọ́n pa gbogbo àgbọ̀nrín ibẹ̀ tán ní òpin àwọn ọdún 1990. Gbogbo rẹ̀ ni o. Ọjọ́ Àìkú kan lọ́sẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí n kò rí kí wọ́n tẹnu mọ́ tó nínú àríyànjiyàn yìí ni abo àgbọ̀nrín. Akọ kan lè gun abo púpọ̀, nítorí náà pípa akọ kì í dín ìran ẹran kù. Síbẹ̀, akọ oníwo ńlá ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń lé. Ọdẹ Amẹ́ríkà kò sì lè ta ẹran tó pa bí a ṣe ń tà á lẹ́bàá títì nílé. Bí fìríìsà rẹ̀ bá ti kún, ó ti parí nìyẹn, àfi bó bá fi tọrẹ. Ìpínlẹ̀ Wisconsin gbìyànjú láti fi òfin mú àwọn ọdẹ: pa abo kan kí o tó lè pa akọ. Àwọn ọdẹ kórìíra òfin náà dé ibi pé àwọn aṣòfin fagi lé e ní 2011.

Ní Massachusetts, MassWildlife kò lágbára láti yí ìkankan nínú òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí padà fúnra rẹ̀. Inú ìwé òfin ni wọ́n wà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ní Boston ló ni wọ́n. Ní Maine, àwọn kan gbé ọ̀rọ̀ ọdẹ ọjọ́ Àìkú lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí oúnjẹ tí ìlú fi sínú ìwé òfin àgbà ní 2021 fún wọn láyè. Ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ kò dá wọn láre ní 2024. Bó bá jẹ́ èmi ni aṣòfin Boston, màá ṣí ọjọ́ Àìkú lórí ilẹ̀ onílẹ̀ tó bá fọwọ́ síwèé, màá dá akàtàǹpó sílẹ̀ fún gbogbo ọdẹ, màá sì ná owó sórí ibi tí wọ́n ti ń gba ẹran tọrẹ, kí ọdẹ tó ti pa abo kan lè rí ìdí láti pa èkejì.