Euthanasia nínú ìròyìn

Ohun tí à ń pè ní euthanasia ni kí dókítà mọ̀ọ́mọ̀ fòpin sí ẹ̀mí aláìsàn tí ó fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ikú, nítorí ìjìyà àìsàn tí kò gbóògùn. Orúkọ tí oníròyìn bá fún ìṣe yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ darí èrò òǹkàwé.

Ní Nẹ́dálándì, ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ìwé ìròyìn ń lò láìfi bò. Tẹlifíṣàn ibẹ̀ fi irú ikú bẹ́ẹ̀ han àwọn òǹwòran ní 1994, ọdún mẹ́jọ kí òfin tó fàyè gbà á.

Ní Jámánì, àwọn oníròyìn máa ń yẹra fún un, nítorí òun ni ìjọba Nazi fi bojú nígbà tí ó pa àwọn aláìsàn ọpọlọ àti aláàbọ̀ ara tí iye wọn lé ní 70,000 ní 1940 àti 1941, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Sterbehilfe, ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tí ń kú, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, CBS gbé fídíò kan sáfẹ́fẹ́ ní 1998, níbi tí dókítà Jack Kevorkian ti fún aláìsàn kan tí ó gbà láti kú ní abẹ́rẹ́ ikú. Fídíò náà di ẹ̀rí. Ní 1999, ilé-ẹjọ́ dá dókítà náà lẹ́bi ìpànìyàn.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí òǹkàwé wá nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó béèrè fún ikú náà.