Ọkọ̀ Ogun Lọ́wọ́ Ẹnì Kan Ṣoṣo

Àwọn àgbà ní bí a bá rí erin, kí á gbà pé erin la rí, a kì í sọ pé a rí nǹkan fìrí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó bá fojú kan lọ́rì M35 ti àwọn sójà Amẹ́ríkà, àjànàkú onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, a-wọ-ẹrọ̀fọ̀-má-rì, a-gòkè-bí-ẹni-gun-àkàsọ̀, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí ó jẹ́. Ọdún 1950 ni ilé iṣẹ́ REO ní Lansing, ní ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. Ó ru ẹrù, ó ru ènìyàn nínú ogun Vietnam, nígbà tí ó sì gbó, ìjọba kó o sí gbàǹjo, tí àgbẹ̀, agégẹdú àti olùfẹ́ ohun ogun ń rà á.

Ẹni tí ó rà á kì í sábà ná tó iye tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ń jẹ, èyí ni ọ̀pọ̀ fi ń rò pé àwọn jèrè. Ṣùgbọ́n ìjọba kò ta àwọn olùtọ́jú ọkọ̀ náà mọ́ ọn. Ìwé ìtọ́jú rẹ̀, TM 9-2320-361, pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: apá 10 jẹ́ ti awakọ̀, tí ó gbọ́dọ̀ yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó gbéra, nígbà tí ó bá wà lójú ọ̀nà, àti lẹ́yìn tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, apá 20 jẹ́ ti mẹkáníìkì inú ọ̀wọ́ rẹ̀, apá 34 sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ àtúnṣe tí ó wà lẹ́yìn wọn. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí; síbẹ̀ ẹni tí ó bá wa lọ́rì yìí kúrò ní gbàǹjo ti fi ara rẹ̀ jẹ oyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Níbi bíréèkì ni. Atẹ́gùn ní ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́ láti ti ọ́ìlì bíréèkì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ́ìlì náà sì ń gbà dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbogbo. Bí páìpù kan bá bẹ́ lẹ́yìn, ti iwájú pàápàá kò ní í mú mọ́. Bíréèkì ọwọ́ nìkan ni yóò kù, a kò sì ṣe ìyẹn láti dá irin tí ó tó tọ́ọ̀nù 6 láìkó ẹrù dúró lórí eré. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: ọlọ́gbọ́n a pààrọ̀ àwọn páìpù rọ́bà tí ó ti gbó kí ó tó ronú kan ọ̀dà ara ọkọ̀. Kí ó tún mọ irú ọ́ìlì tí ó wà níbẹ̀, nítorí àwọn sójà fi ti silicone rọ́pò ti àtijọ́ tí ń fa omi mọ́ra, tí ó sì ń jẹ́ kí irin dípẹtà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pẹ́. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ń wá ìjàngbọ̀n fún ara rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí ó bá wà á, kí ó ṣí ẹnu àgbá atẹ́gùn, kí omi tí ó gbárajọ sínú rẹ̀ lè jáde.

Táyà náà kì í ṣe ohun eré. Òrùka irin ni ó há a mọ́ rímù. Bí òrùka yìí kò bá jókòó dáadáa nígbà tí a ń fún táyà ní atẹ́gùn, ó lè ta jáde kí ó sì pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, nítorí náà inú àgò irin ni a ti ń ṣe é, pẹ̀lú okùn pọ́ńpù gígùn. Bátìrì méjì oní-12 volt ni a so pọ̀ di 24. Ẹni tí ó bá fa iná rédíò lára ọ̀kan ṣoṣo yóò ba méjèèjì jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì M35A2, ọ̀kan lára ẹ̀yà lọ́rì yìí, ní tirẹ̀ kì í ṣàṣàyàn: ó ń mu dísù, ó ń mu kẹrosíìnì, ó ń mu epo ọkọ̀ òfurufú, àní bẹntiróòlù bí ó bá di kàráǹgídá. Àwọn kan tilẹ̀ ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò sínú táǹkì rẹ̀ tí ń gba 50 gálọ́ọ̀nù, títí asẹ́ epo yóò fi dí mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Agbára apá ni a fi ń yí sítíárì rẹ̀, máìlì 56 ní wákàtí sì ni òpin eré rẹ̀. Bí a bá fi owó ra òòyì, ó yẹ kí ó kọ́ni lójú. Ọ̀pọ̀ olówó rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó rí bí òmíràn.

Ìwé SF 97 tí ìjọba àpapọ̀ fún olùrà ni yóò fi gba ìwé ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kí ó wádìí ìyẹn ná.

Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Irin rẹ̀ nípọn, kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, onísùúrù tí ó ní sípánà lè tú u kí ó sì tò ó padà. Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: kí olùrà ka apá 10 ìwé ìtọ́jú náà tán kí ó tó na ọwọ́ sókè ní gbàǹjo, kí ó ya owó bíréèkì àti ti táyà sọ́tọ̀ kí ó tó san owó ọkọ̀, kí ó sì wá ẹni méjì kún ara rẹ̀, nítorí ohun tí ogun fi ọ̀pọ̀ ènìyàn tọ́jú, ẹnì kan kò lè fi ìfẹ́ nìkan tọ́jú rẹ̀.