ỌMỌ ÌJÀPÁ TÍ KÒ JẸUN MỌ́

Nínú àlọ́, ọ̀kánjúwà ni a mọ ìjàpá ọkọ Yánníbo sí, ẹni tí ikùn rẹ̀ kì í kún. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń ya ọmọdé lẹ́nu bí ìjàpá kékeré tí ó ń sìn nínú ilé bá fa orí sínú ìkarahun, tí oúnjẹ tí a gbé ka iwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ títí di alẹ́. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa a máa ké, ajá tí nǹkan ń dùn a máa hu. Ìjàpá kì í ké, kì í sì í hu. Àìjẹun ni ó fi ń sọ fún wa pé ara òun kò dá. Ẹni tí kò bá tètè gbọ́ èdè yìí, òkú ni yóò bá nínú àpótí ní ọjọ́ kan.

Kí a tó wá oògùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí ó jẹ́. Ara ènìyàn a máa pèsè ooru fún ara rẹ̀; ti ìjàpá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ibùgbé rẹ̀ ti gbóná tó ni ara rẹ̀ yóò gbóná tó. Nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, ìfun rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dẹ́kun iṣẹ́, èyí tí ó ti jẹ tẹ́lẹ̀ kò ní dà, kò sì ní wá òmíràn. Nítorí náà ni ó yẹ kí a ṣọ́ ọ gidigidi ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí òru tutù tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ. Ooru ni ìṣáájú, omi ni ìkejì, oúnjẹ ni ìkẹta. Ẹni tí ó bá yí ètò yìí padà, tí ó ń fi agbára ti oúnjẹ bọ ẹnu ìjàpá tí ara rẹ̀ tutù, ó ń dá kún àìsàn rẹ̀ ni.

Àìjẹun kan sì wà tí kì í ṣe àìsàn. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin lè má jẹun fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé ìyókù pupa ẹyin wà ní ikùn rẹ̀. Èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé ilé, ẹ̀rù ń bà á: kí a fún un ní ibi òkùnkùn tí yóò fi ara pamọ́ sí, kí àwọn ọmọ má sì máa gbé e sókè nígbà gbogbo.

OORU. Kí a gbé e sínú àpótí tí ó fẹ̀, kí apá kan móoru, kí apá kejì sì tutù díẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ lè yan èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìjàpá igbó wa, irú èyí tí ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀ ń ká wálẹ̀ bí ìlẹ̀kùn nígbà tí ó bá dàgbà, fẹ́ ìwọ̀n 25 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, ó sì fẹ́ ilẹ̀ tí ó tutù fún omi. Irú ńlá tí ó ti ilẹ̀ gbígbẹ Òkè Ọya wá fẹ́ ibi ìyáná tí ó tó 35. Ní òru ọyẹ́, ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ nínípọn wé, tí a sì fi sí apá kan àpótí náà, yóò ràn án lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀, kí a gbé e sí oòrùn fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí òjìji sì wà nítòsí rẹ̀. Oòrùn ni ó ń mú kí ara rẹ̀ ṣe fítámì D tí ń mú ìkarahun le. Èyí tí ó gba inú gíláàsì fèrèsé wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ nínú abọ́ irin tàbí ike ní oòrùn ọ̀sán, nítorí kì í pẹ́ tí ooru yóò fi pa á.

OMI. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti móoru, kí a bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́ pẹrẹsẹ. Kí omi náà má ga ju ibi tí ìkarahun òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti pàdé, kí orí rẹ̀ lè yọ sókè láìsí wàhálà. Kí ó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójoojúmọ́, kí a má sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Yóò mu nínú rẹ̀, yóò sì yàgbẹ́. Kí a wo ohun funfun tí ń bá ìtọ̀ rẹ̀ jáde: bí ó bá rọ̀ bí ògì, ó dára, bí ó bá le bí ẹfun, tí ó sì rí bí iyanrìn ní ọwọ́, òùngbẹ ti pẹ́ lára rẹ̀.

OÚNJẸ. Oúnjẹ ìjàpá kan kọ́ ni ti èkejì. Ìjàpá igbó ń jẹ olú, èso tí ó já sílẹ̀, ekòló, ìgbín kékeré àti ewé. Ẹ̀là ìbẹ́pẹ pípọ́n kan lè ta á lọ́fun. Ti Òkè Ọya, koríko àti ewé ni tirẹ̀. Ẹran àti èso púpọ̀ kò dára fún un. Yánrin dára fún àwọn méjèèjì. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre kò yẹ ní ojoojúmọ́, nítorí ohun kan wà nínú wọn tí ń di kálísíọ́mù lọ́wọ́ láti wọ ara. Ewé ẹ̀gẹ́ tútù ní májèlé. Ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì àti mílíìkì kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀ rárá. Kí a gún èèpo ẹyin kúnná, kí a sì wọ́n ọn díẹ̀ sórí oúnjẹ rẹ̀.

ÀMÌ EWU. Bí a bá ti ṣe gbogbo èyí fún ọjọ́ 3 sí 5 tí kò sì jẹun, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé-ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n kí a má dúró de ọjọ́ kankan bí ikun bá ń jáde ní imú rẹ̀, bí ó bá ń la ẹnu mí, bí ojú rẹ̀ bá wú tí kò là, bí ohun funfun bá bo inú ẹnu rẹ̀, tàbí bí ìkarahun rẹ̀ bá rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún un ní oògùn tí ó ṣẹ́kù lára ti ènìyàn tàbí ti ẹran ọ̀sìn. Oògùn aràn tí à ń pè ní ivermectin, tí a ń lò fún màlúù àti ewúrẹ́, a máa pa ìjàpá.

ÌMỌ́TÓTÓ. Ìjàpá tí ara rẹ̀ le pàápàá lè ní kòkòrò àrùn Salmonella, èyí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Nítorí èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà fi fi òfin de títa èyí tí ìkarahun rẹ̀ kò tó íńṣì 4, ní ọdún 1975. Kí olúkúlùkù fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ó bá fọwọ́ kàn án, kí a má da omi ìwẹ̀ rẹ̀ sí ibi tí a ti ń dáná, kí ọmọ tí kò tó ọdún 5 má sì fọwọ́ kàn án.

Ní ìparí, kí a ní ìwé kékeré kan. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a wọn ìjàpá náà lórí òṣùwọ̀n, kí a sì kọ iye gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ó jẹ. Ìkarahun a máa bo rírù mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n kì í bo nǹkan kan. Ọmọ tí a bá kọ́ láti ṣe èyí yóò ti mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́ kí ojú tó rí i. Ìjàpá tí ó sì tọ́jú báyìí lè bá a gbé títí òun náà yóò fi di òbí.