Kẹ́ ẹ tó náwó sórí ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, ẹ kọ́kọ́ lé èéfín jáde

Ká ní ọmọ tàbí àbúrò yín tó wà l'Abidjan fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sílé, tó ní kẹ́ ẹ fi tún ilé àti ibi iṣẹ́ yín ṣe nítorí ikọ́ tó ń yọ yín lẹ́nu. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹlòmíì lónìí ni ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, èyí tí wọ́n ń polówó lórí fóònù. Ẹ̀rọ náà dára láyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń yan gàrí, tó ń ránṣọ tàbí tó ń gẹrun ní Ara àti káàkiri agbègbè Éjìgbò, kì í ṣe òun ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá lọ.

Ọ̀rọ̀ èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò pé lọ́dún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn ló kú látàrí èéfín inú ilé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó lé ní 237,000 wà lára wọn.

Nítòsí wa níbí, n'Ìbàdàn, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, l'Amẹ́ríkà, pín aláboyún 324 tó ń fi igi tàbí epo òyìnbó dáná sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ethanol, apá kejì ń bá èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Àbájáde tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó lo sítóòfù tuntun náà bíi ti àwọn yòókù. Ẹ kíyè sí i: wọn ò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Iná ni wọ́n pààrọ̀.

Ibi tí èéfín ti ń wá

Ìyá tó ń yan gàrí máa ń jókòó ti agbada fún ọ̀pọ̀ wákàtí, èéfín á máa fẹ́ sí i lójú àti nímú. Bí ikọ́ bá dá a dúró sílé fún ọjọ́ méjì, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rìn á máa kan sí i, oníbàárà á sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Owó ló ń bá èéfín lọ yẹn.

Ẹ mọ bíríkì tàbí amọ̀ yí ààrò náà ká. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ibi tí wọ́n ń ki igi bọ̀ wà lódì kejì ògiri, kẹ́ ẹ sì gbé páìpù tí èéfín á máa gbà jáde kọjá òrùlé. Ààrò tí wọ́n bò yíká báyìí kì í jẹ igi tó èyí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ lo igi tó gbẹ, torí igi tútù ló ń rú èéfín jù.

Nínú ilé, ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé gáàsì, kó lò ó. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e, kó gbé ìdáná lọ sábẹ́ àtíbàbà. Kọ́ìlì ẹ̀fọn náà ń kọ́? Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2003 fi hàn pé eruku kéékèèké tó ń jáde lára kọ́ìlì kan tó jó tán tó ti sìgá 75 sí 137. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sàn jù ú lọ.

Jẹnẹrétọ̀ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n bá òkú àwọn ọ̀dọ́ méje nínú stúdíò tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ ní Yenagoa, ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fura sí. Ibi iṣẹ́ ni, bíi ti yín. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín náà, carbon monoxide, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èédú tó ń jó náà ń tú u jáde, ẹ má ṣe gbé àdògán wọ yàrá sùn. Ó kéré tán, kí jẹnẹrétọ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ sì kọjú síta.

Ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe

Ẹ ronú nípa ajọ̀ gàrí. Ẹ̀rọ tó bá ní asẹ́ HEPA dà bí ajọ̀ tí ojú rẹ̀ kéré gan-an. Nínú ẹyọ eruku 10,000 tí kò ju ìdá mẹ́ta nínú ìdá 10,000 mílímítà lọ, 9,997 ló lè gbà dúró. Ó wúlò fún eruku ọyẹ́ àti fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ṣùgbọ́n bí ajọ̀ kò ṣe lè gbomi dúró, bẹ́ẹ̀ ni HEPA kò lè gba carbon monoxide dúró. Bí NEPA bá múná lọ, ẹ̀rọ náà di àpótí lásán. Bó bá sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ tàn torí rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lẹ fi ń pọnmi yẹn.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo ìyókù, tó ní iná tàbí sólà, lè rà á. Kó wo nọ́ńbà tí wọ́n pè ní CADR. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ 144. Ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ni 96. CADR kò gbọ́dọ̀ dín sí 96. Bó bá jẹ́ m³/h ni wọ́n kọ, kó tó 163. Ẹ bèèrè iye tí asẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti máa rí òmíràn rà. Èyí tó bá ń tú ozone jáde, ẹ má rà á. Àjọ EPA l'Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ní ti òdòdó inú ìkòkò, àwọn tó tún ìwádìí ibẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dún 2019 rí i pé ó kéré tán, ìkòkò mẹ́wàá lórí mítà kan níbùú lóròó ló máa tó ṣiṣẹ́ tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe.

Nítorí náà, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kẹ́ ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọra, kẹ́ ẹ tó wá débi ẹ̀rọ. Bí ẹni tó wà l'Abidjan bá pè láti bèèrè ohun tẹ́ ẹ fi owó ṣe, ẹ ní bó bá dé, kó wá jókòó ti agbada, kó wò ó bóyá ojú á ta á.