Nígbà tí Ẹ̀rọ Agbalẹ́tà Bá Kọ̀ Wá Lẹ́nu Ọ̀nà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ni ìránṣẹ́ yóò ṣe bí wọn kò bá ṣílẹ̀kùn fún un? Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo àwa akẹ́kọ̀ọ́, nítorí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń gbọ́ èsì iṣẹ́ tí a wá. SMTP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ agbalẹ́tà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Jon Postel ni ó kọ ọ́ jáde ní ọdún 1982.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú mi, Ìgbògbò, ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tí ó fẹ́ jíṣẹ́ ní òdìkejì ọ̀sà lè wọ ọkọ̀ ojú omi ní Báyékù. Bí kò bá sí ọkọ̀, kò ní débẹ̀ rárá. Bí ó bá débẹ̀, tí ó kànkùn, tí wọ́n sì ní kò sí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀rọ. Bí ó bá dákẹ́ pátápátá, ọ̀nà lè ti já, bí ó ti rí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dojú rú ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bí a bá rí "Connection refused" lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà dára. Lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti dá wa padà.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí a yẹ nọ́ńbà ìlẹ̀kùn wò. 25 wà fún ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ; 587 ni àwa fi ń fi lẹ́tà ránṣẹ́; 993 ni a fi ń gbà á kà. Èkejì, kí alábòójútó wò ó bóyá Postfix, tàbí irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò, ti jí. Iná lè lọ kí ó dé, kí òun má jí. Ẹ̀kẹta, ó lè jí, kí ó jẹ́ pé 127.0.0.1 nìkan ni ó ń tẹ́tí sí: ará ilé nìkan ni ó ń dá lóhùn. Ẹ̀kẹrin, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀rọ náà lè ti máa lé àlejò padà. Kí a tún àṣẹ tí a fún ẹ̀ṣọ́ ṣe ni ó yẹ, kí a má lé e kúrò, nítorí ilé tí kò ní ẹ̀ṣọ́, olè ni yóò gbà á.

Ẹ má sì bọ́hùn. Ẹ̀rọ tí ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ a máa padà lọ kànkùn. Ìlànà ọdún 2008 ní kí ó tó ọjọ́ 4 sí 5 kí ó tó sọ̀rètí nù. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí a tó gbà pé èsì wa ti sọnù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà ni ó já tàbí ìlẹ̀kùn ni a tì.